Omi Tó Mọ́ Lójú Gbogbo Wọn

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo dé sáìtì, mo bá Elépo, ẹni tó ń bójú tó táǹkì epo wa, tó ń fi dísẹ́ẹ̀lì fọ ẹsẹ̀.

Ó jókòó sórí ògiri kúkúrú tí a mọ yí táǹkì ká. Ó ti ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Ó ń fi ọwọ́ bu nǹkan dúdú náà, ó ń dà á sí ẹsẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò ra ẹrẹ̀ kúrò láàárín ọmọ ìka. Nígbà tó rí mi, ó kí mi.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Olómi. Òjò àná mà pọ̀ o."

Mo dúró. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, nítorí ìṣe rẹ̀ nìyẹn.

"Kí lò ń fi fọ ẹsẹ̀ yẹn?"

"Omi òjò ni. Ó ti kún ibí yìí. Tí mo bá fọ ẹsẹ̀ tán, màá tú u dànù. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ máa ń pariwo pé kí omi má dúró níbẹ̀."

Òótọ́ ni, èmi ni mo máa ń pariwo. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Mi ò to bùlọ́ọ̀kù, mi ò po kọnkéré. Tèmi ni kí ìdọ̀tí sáìtì má jáde kúrò ní sáìtì. Mo ń wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà gbéra. Mo ń rí i pé inú kòtò tí a gbẹ́ fún un ni wọ́n ti ń fọ ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré, pé wọn kò fọ̀ ọ́ sínú gọ́tà. Mo ń ṣọ́ epo kó má kán sílẹ̀ lásán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Bàbá Olómi. Àwọn tí mo máa ń bá wí, wọ́n sì pọ̀, Ìyálé ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn.

Ògiri kúkúrú yẹn, nítorí pé táǹkì lè jò ni a ṣe mọ ọ́n. Bí epo bá jò, ògiri yóò dá a dúró. Òjò náà máa ń rọ̀ sínú rẹ̀, nítorí náà a fi táàpù kan sí ìsàlẹ̀ ògiri, kí a lè máa tú omi òjò jáde sínú gọ́tà. Òfin rẹ̀ kò le rárá. Kọ́kọ́ wò ó. Tó bá jẹ́ omi, ṣí i. Tí epo bá wà lórí rẹ̀, pè mí. Gbogbo rẹ̀ dúró lórí kí èèyàn kọ́kọ́ wò ó.

Mo wò ó. Mo nu gíláàsì ojú mi, mo tún wò ó. Dísẹ́ẹ̀lì ni. Ó nípọn, ó ń dán, àwọ̀ òṣùmàrè ń rìn lórí rẹ̀. Mo rí oríkèé páìpù tó ti ń kán wá, tó-tó-tó, lára táǹkì.

"Elépo, dísẹ́ẹ̀lì nìyẹn."

Ó wo inú ògiri, ó wo ojú mi. Ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e sókè sínú oòrùn kí n lè rí i dáadáa. Ó ṣàn dé ìgúnpá rẹ̀, dúdú.

"Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun láàárọ̀ yìí?"

Mo ní kó má fọwọ́ kan táàpù náà. Mo lọ pe fóòmàn. Kí n tó padà, ó ti ṣí i. Dísẹ́ẹ̀lì ń ho lọ nínú gọ́tà. Gọ́tà yẹn kì í dúró níbì kankan. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sẹ́yìn àwọn ilé tó wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga tí gbogbo wọn ń pọn. Ilé ọmọ mi wà lára àwọn ilé náà. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ìyàwó mi bí fún mi ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí tirẹ̀ ni, ọmọkùnrin, kò tíì mọ̀ ọ́n rá.

Fóòmàn dúró lẹ́bàá ògiri, ó wo inú rẹ̀.

"Omi ni, Bàbá."

"Ọ̀gá, ẹ gbóòórùn rẹ̀."

"Sáìtì ni. Kí lẹ fẹ́ kó máa rùn, lọ́fínńdà?"

Àwọn tó dúró rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó yára gbójú kúrò níbẹ̀, bí ẹni tí a bi ní ohun tó mọ̀. Mo rí i, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí mo rí.

Mo fi ọwọ́ ara mi ti táàpù náà pa. Lọ́jọ́ kejì, mo bá a ní ṣíṣí. Mo fi rọ́bà di oríkèé páìpù. Wọ́n tú u, wọ́n ní ó ń bu ẹwà táǹkì kù. Mo kó yanrìn dí gọ́tà. Ẹni tó ń wa kátákátá gbá a kúrò, ó ní ta ni aláìnírònú tó dí ojú omi. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá mi lóhùn, èyí tó burú ju èébú lọ.

"Bàbá, ẹ gba ìsinmi díẹ̀. Ohun tójú yín rí kò kéré."

Ìyàwó mi kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí mo lè sọ tí wọn kò ní gbé sí ìdí ọ̀fọ̀. Bí mo bá ní oòrùn mú, ọ̀fọ̀ ni. Bí mo bá ní pákó yìí ti jẹrà, ọ̀fọ̀ ni. Ó ti sú mi kí ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ̀rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, wọn kò jẹ́ kí n wọ́n omi mọ́.

"Eruku wo lẹ fẹ́ wọ́n omi sí?" Báyìí ni ẹni tó ń gé bùlọ́ọ̀kù ṣe bi mí. Sìmẹ́ǹtì ti bo ojú rẹ̀ funfun, bí ẹni tó wọ ìbòjú. Ìpéǹpéjú rẹ̀ lẹ̀ pọ̀. Ó ń wúkọ́, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà ń wúkọ́, wọ́n sì ń bi ara wọn léèrè ibi tí òtútù ti mú wọn. Eruku náà dúró láàárín wa bí aṣọ títa. Wọ́n ń rìn gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n ń yin ojú ọjọ́ pé ó mọ́ lónìí.

Mo wá gbé gbogbo ọkàn mi lé wolé-wolé.

Ọkùnrin kan ni, láti ọ́fíìsì ìmọ́tótó. Òun ló ti sáìtì wa pa nígbà kan rí nítorí eruku, tí iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ fóòmàn. Ojú rẹ̀ mú. Ó lè rí bébà kan tó há sábẹ́ pákó. Nígbà tó dé, mo ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun alápá gígùn. Kó tó rìn dé àárín sáìtì, irun ojú rẹ̀ ti funfun pẹ̀lú.

"Ibí yìí ti yàtọ̀," ó ní. "Ẹ kú iṣẹ́."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan kan fún mi."

Mo mú un lọ sídìí táǹkì. Fóòmàn ń tẹ̀ lé wa. Wolé-wolé lóṣòó, ó wo inú ògiri náà dáadáa.

"Ẹ ń tú omi tó mọ́ báyìí dànù?"

Kí n tó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́. Kò tilẹ̀ ká apá aṣọ rẹ̀. Oòrùn mú, ó sì fẹ́ bọ́jú. Ó bọ́jú. Ó dìde, dísẹ́ẹ̀lì ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sí àyà ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ó tutù."

Ó mú bisikíìtì jáde nínú àpò, ó jẹ ẹ́. Mo rí àmì ìka rẹ̀, dúdú, lára bisikíìtì náà kó tó wọ ẹnu rẹ̀. Ó ní òun yóò mú àwọn sáìtì yòókù wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ó bọ fóòmàn lọ́wọ́, ó sì lọ.

Mo jókòó sẹ́yìn òkìtì bùlọ́ọ̀kù. Mo jókòó títí. Lẹ́yìn náà mo dìde, mi ò gbàyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé ọmọ mi.

Ọ̀sán ni. Ọkọ rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ mi jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, ó ń wẹ ọmọ nínú abọ́ funfun ńlá kan. Ọmọ náà ń sunkún, ohùn rẹ̀ ti há. Omi inú abọ́ dúdú. Ìyá rẹ̀ ń bù ú lé e lórí, ó ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Gbé e kúrò nínú ẹ̀."

"Dádì. Ẹ káàsán. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mo ní gbé e kúrò."

Ó gbé e. Ara ọmọ náà ń dán bí irin tí a fi gíríìsì pa. Lábẹ́ epo náà, awọ ara rẹ̀ ti wú, ó pọ́n. Ọmọ mi ní ooru ló ń mú un tó fi ń sunkún. Ó ní kò mu ọmú dáadáa mọ́, bó bá sì mu ún, á bì í. Ó ní òun ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní ara ọmọ mọ́ tónítóní, ó ní kí wọ́n máa fẹ́ ẹ.

Mo fi ẹsẹ̀ da abọ́ náà nù.

Ohùn tí a fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ni ọmọ mi fi dá mi lóhùn.

"Ẹ jókòó, Dádì. Ẹ jókòó." Ó wá tẹjú mọ́ ojú mi. "Gíláàsì Mọ́mì lẹ ń lò."

"Tèmi fọ́."

Kátákátá ló gun tèmi mọ́lẹ̀. Ti ìyá rẹ̀ wà nínú báàgì rẹ̀ lórí àga, níbi tí mi ò tíì gbé e kúrò. Ọjọ́ kan náà ni èmi àti ẹ̀ jọ lọ síbi tí wọ́n ti ń wo ojú. Bákan náà ni ojú wa ṣe bàjẹ́: a ń rí ohun tó súnmọ́ wa, ohun tó jìnnà ni a kì í rí. Ó wọ gíláàsì yẹn títí di àárọ̀ tó kú. Èmi ni mo yọ ọ́ kúrò lójú rẹ̀.

"Ó lè jẹ́ òun ló ń da ojú yín rú," ọmọ mi wí, ó sì yọ ọ́ lójú mi.

Omi díẹ̀ ṣẹ́kù sí ìdí abọ́. Ó mọ́. Mo rí àwòrán òdòdó tó wà nísàlẹ̀ abọ́ náà, gbogbo ewé rẹ̀. Mo wo ọmọ. Ara rẹ̀ mọ́, kò sí ohun tó ṣe é, ó kàn ń sunkún ni.

Mo wọ gíláàsì. Dúdú. Mo bọ́ ọ. Ó mọ́.

Mo nà án sí i. "Wọ̀ ọ́."

"Ojú tèmi kò ṣe nǹkan kan."

"Wọ̀ ọ́, kí o wo ọmọ rẹ."

Ó wọ̀ ọ́. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn ọmọ náà, ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ padà, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ló tú ìró rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọmọ, ó ń nù ún, ó ń nù ún.

"Láti ọjọ́ wo, Dádì?" ó ń bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Láti ọjọ́ wo?"

A gbé ọmọ padà lọ sí ilé ìwòsàn. Mo bẹ dókítà pé kó wọ gíláàsì náà wo ọmọ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní òun ní gíláàsì tòun. Nígbà tí a padà délé, mo bá obìnrin ilé kejì nídìí kànga, ó ń fa omi. Mo ní kó wọ̀ ọ́. Ó bi mí pé ta ló ni ín. Mo sọ fún un.

"Gíláàsì òkú? Kí n wọ̀ ọ́ sójú? Ẹ má bínú o, Bàbá." Ó bu omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fà, ó mu ún lójú mi. "Ṣé ẹ rí i? Ṣé mo kú?"

Mo padà lọ bá fóòmàn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kọ̀ńténà kan ló fi ṣe ọ́fíìsì. Ó jókòó nínú rẹ̀, ó ń wúkọ́ sínú áńkáṣífì. Mo gbé gíláàsì sórí tábìlì níwájú rẹ̀.

"Ọ̀gá, kí lẹ ṣe sí sáìtì yìí?"

"Bàbá, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ táǹkì yẹn ni, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ọmọ ọmọ mi kò mu ọmú láti àná. Epo wa ló wà lára rẹ̀. Dókítà kò rí i, ìyá rẹ̀ kò rí i títí ó fi wọ gíláàsì yìí. Mo bi ọ́ léèrè. Kí lo ṣe?"

Ó gbọ́ pé mi ò bọ̀wọ̀ fún òun mọ́. Kò bínú. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Wọ́n fẹ́ lé mi níbi iṣẹ́ nígbà tí wolé-wolé ti sáìtì pa," ó ní. "Ẹ̀yin náà mọ̀. Mo pàdé ọkùnrin kan níbi tí mo ti ń ra irin. Ó fún mi ní ìgò kan, ó ní kí n rì í sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kò sí ojú alààyè kan tí yóò rí ìdọ̀tí ibí yìí mọ́, ibi yòówù kí ìdọ̀tí náà lọ."

"Ojú alààyè kankan."

"Wolé-wolé ni mo ní lọ́kàn."

"Ṣé o sọ bẹ́ẹ̀ fún un?"

Mo wo gíláàsì tó wà lórí tábìlì. Ó yé mi nígbà náà. Ojú tí mo fi ń wo sáìtì láti ìgbà yẹn, kì í ṣe tèmi, ti ìyàwó mi tó kú ni.

"Lọ wú u."

"Ẹ̀rù ti bà mí láti ìgbà tí ikọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti wá a títí. Ọwọ́ mi tó rì í nìkan ló lè wú u, mo sì mọ ibi tí mo rì í sí, ṣùgbọ́n mi ò rí i."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Èédú. Epo jíjóná. Àwọn nǹkan rírùn kan. Ìgò náà fúnra rẹ̀ dọ̀tí, ó..."

Ó yé àwa méjèèjì. Ìgò náà fúnra rẹ̀ ti di ara ìdọ̀tí sáìtì. Ó ti fi ara rẹ̀ pamọ́ fún ẹni tó rì í.

Mo mú gíláàsì, mo fi lé e lọ́wọ́.

A jáde lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbẹ́ ibẹ̀ káàkiri, ó rí gbágungbàgun. Àwọn òṣìṣẹ́ dẹwọ́, wọ́n ń wò wá pẹ̀lú ojú funfun wọn.

"Bàbá Olómi, ṣé góòlù lẹ rì síbẹ̀ ni?" Elépo ni. "Ẹ jẹ́ kí n mọ ìpín tèmi."

Fóòmàn wọ gíláàsì náà. Ó wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé orí sókè, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó wo àwọn òṣìṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo táǹkì. Ó fi ojú tẹ̀ lé gọ́tà títí dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó yí padà sí mi, kò wo ojú mi. Ó wo òkè èjìká mi, ó sì rìn sẹ́yìn.

"Bàbá," ó ní. "Ta ni obìnrin tó wà lẹ́yìn yín?"

Mo yí padà. Mi ò rí nǹkan kan. Òkìtì pákó ni, ó ṣú bàìbàì, nítorí mi ò ní gíláàsì lójú.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó ga. Ó fi ìborí aláwọ̀ ewé wé orí. Ó ní àpá kan níbí." Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, lábẹ́ ojú òsì.

Fóòmàn kò mọ ìyàwó mi rí.

Mi ò mọ ìgbà tí mo na ọwọ́. Ìka mi ti wà lára irin gíláàsì náà, létí rẹ̀.

"Fún mi."

"Bàbá, ìgò náà nìyí. Mo rí i." Ó ti padà wo ilẹ̀. "Ó ń rì lọ. Ó ń rì lọ lójú mi. Tí mo bá gbójú kúrò, mi ò ní rí i mọ́."

Ọwọ́ mi kò fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ó wà lẹ́yìn mi. Láti ọjọ́ yìí wá, ẹ̀yìn mi ló wà, èmi sì ń wo iwájú bí òmùgọ̀. Ìṣẹ́jú kan péré ni mo fẹ́. Mo wá rántí ohùn ọmọ náà, bó ṣe há.

Mo gba ọwọ́ mi padà.

"Wà á," mo ní. "Wà á kíá."

Ó fi ṣọ́bìrì wà á. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ wà á. Ó gbé nǹkan kan jáde tí mi ò rí, apá rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ìwúwo rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ṣófo lójú mi. Ó gbé e sókè, ó là á mọ́ bùlọ́ọ̀kù. Mo gbọ́ bí ìgò ṣe fọ́ níbi tí kò sí ìgò. Lẹ́yìn náà òórùn. Lẹ́yìn náà mo rí i, èéfọ́ dúdú, nǹkan jíjóná kan tó ń rọ̀ sílẹ̀ lára bùlọ́ọ̀kù.

Mo já gíláàsì gbà lójú rẹ̀, mo wọ̀ ọ́, mo yí padà.

Pákó. Mo rí wọn kedere. Mo rí orí ìṣó tó wà lára wọn.

Ẹnì kan pa ẹ̀rọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wo ojú ara wọn, wọ́n ń fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n ń wo ìka náà. Elépo rìn lọ sídìí táǹkì, ó wo inú ògiri. Ó jókòó sílẹ̀, ó sì ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan.

A ti táàpù. A fi yanrìn dí gọ́tà, a da lẹ́búlẹ́bú pákó sórí epo kó lè fà á mu. Wolé-wolé padà wá, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn. Òun fúnra rẹ̀ ló ti sáìtì pa, kò sì lè wo ojú mi. Wọ́n fi pákó dé ẹnu kànga, wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé omi wá fún àwọn ará ìsàlẹ̀. Obìnrin ilé kejì wá kí mi, ó ní òun ti fura láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, dókítà kan náà tú aṣọ lára ọmọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọmọ mi jà pé irú ìyá wo ló ń fi epo wẹ ọmọ, pé kí ló dé tí kò tètè gbé e wá. Mo ní kí ọmọ mi má dá a lóhùn. Wọ́n wẹ ọmọ náà, wọ́n fi omi sí i lára. Ó ti ń mu ọmú.

Sáìtì wà ní títì, ṣùgbọ́n èmi àti fóòmàn ń lọ. Ilẹ̀ tó ti mu epo, a gbọ́dọ̀ wà á kúrò pátápátá, ká kó o sínú dúrọ́ọ̀mù. Fóòmàn ń wà á láìsinmi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbára lé ṣọ́bìrì.

"Bàbá, kì í ṣe obìnrin yẹn nìkan ni mo rí."

Mo gbé ọwọ́ kúrò lára dúrọ́ọ̀mù.

"Àwọn èèyàn tò láti ìdí táǹkì títí dé ibi kànga. Gbogbo ẹni tó ti fọwọ́ kan epo náà ni. Wọ́n dúró sójú ibi tí wọ́n wà ní tòótọ́, wọ́n sì tún dúró nínú ìlà yẹn, kálukú pẹ̀lú korobá epo lọ́wọ́, bí ẹni tó fẹ́ gbé e lọ sílé. Bí mo ṣe ń gbẹ́lẹ̀, mò ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó. Obìnrin náà kúrò lẹ́yìn yín, ó lọ bá wọn. Ó ń gba korobá lọ́wọ́ wọn, ó ń dà á nù."

"Ti ta ló kọ́kọ́ gbà?"

"Ti ọmọ ọwọ́ kan. Ife kékeré ni tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ti ìyá rẹ̀. Ti àwọn obìnrin ìsàlẹ̀. Ti Elépo. Ti wolé-wolé. Nígbà tó kàn mí, ó pòṣé, ó já a gbà lọ́wọ́ mi."

"Inú ń bí i."

"Inú ń bí i gan-an."

"Òun gan-an nìyẹn," mo ní.

Ó bu iyẹ̀pẹ̀ sórí ṣọ́bìrì, ṣùgbọ́n kò dà á. Ó ń wo iyẹ̀pẹ̀ náà.

"Ẹ̀yin lẹ gbẹ̀yìn."

"Ó gba tèmi."

"Ó dúró níwájú yín," ó ní. "Inú rẹ̀ rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ tirẹ̀ di ọwọ́ yín mọ́ ọwọ́ korobá náà, bí ẹni tí kò fẹ́ kó dà nù. Ibẹ̀ ló dé tí ìgò fi fọ́, mi ò sì rí i mọ́."

Mo gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo da iyẹ̀pẹ̀ náà sínú dúrọ́ọ̀mù, mo sì dé e. Mi ò tíì sọ fún ọmọ mi pé ìyá rẹ̀ ń dúró dè mí.